Pe Ọkọ Rẹ Lórúkọ, Kí O Gba Físà

Ohun kan ṣoṣo ló dí Lucy lọ́nà Amẹ́ríkà. Kì í ṣe omi òkun, kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú, kì í sì í ṣe òtútù tí wọ́n ní ó ń jẹ etí ènìyàn lọ́hùn-ún bí eku ṣe ń jẹ iṣu. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé kò mọ orúkọ náà. Ó mọ̀ ọ́n bí ó ti mọ ọ̀nà odò. Ẹnu ni kò gbà á. Ọmọ Èsìẹ́ ni Lucy, ìlú àwọn ère òkúta, ó sì fẹ́ ọmọ ilé Ọlágúnjú ní Ọ̀mù-Àrán. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ, kò tíì pe ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé náà lórúkọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ọkùnrin, Ambrose, tó jẹ́ tíṣà ní Òrò, Akọ̀wé ni Lucy ń pè é. Helen, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, Eyínfúnjowó. Kódà òbúkọ ilé náà, tí gbogbo ènìyàn ti ń pè ní Gómìnà kí ìyàwó tó dé, Bàbá Onírùngbọ̀n ni Lucy ń pè é. Ó ní ẹni tó bá ti ṣáájú òun dé ilé, àgbà òun ni, ì báà máa jẹ èèpo iṣu.

Ọkọ fúnra rẹ̀ wá ń kọ́? Ignatius ni wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi. Àfi kí ẹ wà nínú ìjọ Àgùdà lọ́jọ́ tó bá kan Lucy láti ṣáájú ẹbẹ̀ àwọn ẹni mímọ́. Á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ á máa dún gbọnrangandan, “Peteru Mímọ́!” ìjọ á ní, “Gbàdúrà fún wa!” “Lọrẹnsi Mímọ́!” “Gbàdúrà fún wa!” Bí ó bá wá dé orí Ignatius Mímọ́, Lucy á húkọ́. Ìjọ á dá ikọ́ náà lóhùn pé, “Gbàdúrà fún wa!” Wọ́n á sì tẹ̀ síwájú.

Ignatius ti lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa irúgbìn. Inú oyún ni Janet, ọmọ wọn, wà nígbà tó lọ. Janet ti wá dàgbà tó ẹni tí ń lọ sílé ẹ̀kọ́ báyìí, àwòrán tó wà lára ògiri ló sì mọ̀ ní bàbá. Láràárọ̀, á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi.” Bí wọ́n bá bi í pé ṣé bàbá náà dá a lóhùn, á ní ó gbọ́, iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Lucy náà á rẹ́rìn-ín, á wá wọ yàrá lọ, kò sì ní í tètè jáde.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé Ignatius ti gba gírín káàdì, tí ó sì ti ní kí wọ́n jẹ́ kí aya àti ọmọ òun wá bá òun, ojúde Ọlágúnjú kún bí ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Ambrose ló ń ṣàlàyé. Asisat, ìyàwó ilé tó múlé tì wọ́n, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lójúde rẹ̀ láì gba owó ibodè ìbéèrè, ló ń bi í.

“Tíṣà, káàdì náà, ṣé àwọ̀ ewé ló ní lóòótọ́?”

“Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní èyí tí wọ́n fún òun, àwọ̀ ojú ọ̀run ló ní.”

“Yéè! Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ!”

“Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Orúkọ ni gírín.”

“Ṣé ó ti wá di òyìnbó nìyẹn?”

“Rárá o. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lápò rẹ̀. Àyè ìgbé ni wọ́n fún un. Ó lè gbé ibẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dìbò.”

“Ta ló ń dìbò?” ni Asisat wí. “Àwa tí sójà ń ṣe ìjọba lé lórí nílé níbí, ṣé àwa ń dìbò ni?”

Ojúde bú sẹ́rìn-ín. Asisat ò rẹ́rìn-ín, ó ṣì ní ìbéèrè lápò. “Kí ló dé tí kò fúnra rẹ̀ wálé wá mú ìyàwó rẹ̀?”

“Ó lè wá kí wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá tí ó jókòó pẹ́ jù, wọ́n lè ní ó ti fi àyè náà sílẹ̀.”

“Ó yé mi. Bí àga ibi ìnáwó ni. Bí o bá dìde lọ tọ̀, ẹlòmíràn á ti jókòó.”

“Ẹ káre! Lucy ní tirẹ̀, físà ló máa kọ́kọ́ gbà, nítorí pé aya rẹ̀ ni. Físà ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ti wọlé, wọ́n á fún òun náà ní káàdì tirẹ̀. Òun àti Janet.”

“Kí ni wọ́n máa fi mọ̀ pé aya rẹ̀ ni?”

“Wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀.”

“Bíi kí ni?”

“Nǹkan kékeré,” ni Ambrose wí. “Orúkọ ọkọ rẹ̀.”

 Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Lucy.

Lucy húkọ́.

*

Kàdúná ni wọ́n ní kó wá, ní ọ́fíìsì àwọn ará Amẹ́ríkà. Ògbufọ̀ tó bá níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin kan tó kọ́ Yorùbá rẹ̀ nínú ọjà ẹran; bí ẹ bá ní kó ná màlúù, kò sẹ́ni tó tó o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lọ́kọláya, ìyẹn ju agbára rẹ̀ lọ. Òyìnbó obìnrin kan, onírun pupa, ló jókòó sídìí tábìlì. Ó béèrè orúkọ ọkọ Lucy.

“Bàbá Janet,” ni Lucy wí.

Òyìnbó wo ìwé iwájú rẹ̀. Kò sí Bàbá Janet níbẹ̀. Ó tún béèrè.

“Olówó orí mi.”

Ògbufọ̀ ní, “Ó ní ó tún ní ọ̀kan tó lówó.”

Ó tún béèrè, ọ̀rọ̀ náà wá ń bọ́ sọ́nà tí kò dáa. Lucy ní, “Àkọ́bí ilé wa.” Ó ní, “Ẹni wa tó wà lókè òkun.” Nígbà tí yóò fi dìde, ọkùnrin mẹ́rin ló wà lórí ìwé, Ignatius kò sì sí nínú wọn. Òyìnbó náà kò bínú. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé kó lọ sílé, kó padà wá nígbà tó bá ti dá a lójú èwo nínú àwọn ọkùnrin náà ni ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá tún rí ìdáhùn nígbà náà, òun yóò ti ọ̀rọ̀ náà pa.

Lucy wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ọ̀fà, ó wọ lọ́rì dé Ọ̀mù-Àrán. Ìgbà tó rí Janet tó ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀, tó ń béèrè pé, “Ṣé ẹ rí i? Kí ló ní kí ẹ sọ fún mi?” ni omi tó wá bọ́ lójú rẹ̀.

Ambrose ló ní ẹkún kọ́ ló kù, ẹ̀kọ́ ló kù. Lọ́jọ́ Sátidé ó wọ ẹ̀wù òjò bàbá rẹ̀, ó fi pọ́dà Janet pa imú kó lè funfun, ó dojú odó délẹ̀ ní àárín ojúde, ó jókòó lé e, ó di òyìnbó.

“Obìnrin yìí!” Imú ló fi ń sọ ọ́. “Kí ni orúkọ ọkọ rẹ?”

Lucy dúró ṣánṣán. Ó ya ẹnu. “Íg…” Ó gbé itọ́ mì. “Íg… íg…”

“Ẹ fún un lómi!” ni Asisat pariwo láti orí ògiri tó ń yọjú wò wọ́n. “Òsúkè ló ń ṣe é!”

“Òsúkè kọ́, orúkọ ló há!” ni Ambrose wí. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí odó, ó di tíṣà padà. “Ìyàwó, ẹ gbọ́ mi. Orúkọ ẹni mímọ́ ni. Òkè òkun ló ti wá. Kò sí nínú orúkọ tí àwọn bàbá wa kà léèwọ̀.”

“Akọ̀wé,” ni Lucy wí, “ẹni mímọ́ kọ́ ló bí Janet.”

Ìgbà yìí ni Ìyá Ignatius já sí agbo. Ìyá ọkọ Lucy nìyí, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ìlú Àrán-Ọ̀rin kí òun fúnra rẹ̀ tó jáde nínú ilé. Ó so ìró rẹ̀ le.

“Kí ló le níbẹ̀? Orúkọ ni, kì í ṣe egungun ẹja! Ignatius! Ẹ wò ó, Ignatius! Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi já? Ṣé ahọ́n mi bọ́?”

“Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ bí i.”

“Òyìnbó ò béèrè ẹni tó bí i! Obìnrin ti ń ya ojo jù láyé yìí. Ẹ̀rù orúkọ lásán-làsàn! Bí èmi bá wà ní ipò rẹ, màá ti pè é títí òyìnbó á fi ní ó tó.”

Láti orí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Bàbá ti ń gbọ́. Bàbá náà ni Sámúẹ́lì Ọlágúnjú, olórí ilé, àgbẹ̀ oníṣu tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó bá Lucy lọ sí Kàdúná, ó ní òun kò lọ. Ó ní ọdún mélòó ni gbogbo ìlú fi ń pariwo pé kí wọ́n yọ wá kúrò lábẹ́ Kàdúná, wọ́n ti wá yọ wá, wọ́n ti fún wa ní Kúwárà tiwa, kí ni òun tún ń lọ tọrọ níbẹ̀? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó yọ páìpù lẹ́nu.

“Ìyá Ignatius,” ó ní, “ọ̀rọ̀ yìí ò le lóòótọ́?”

“Kò le rárá, Bàbá Ignatius.”

“Ó dáa,” ni Bàbá wí, ó dá páìpù padà sẹ́nu. 

Ìyá fa Lucy lọ́wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà gan-an níbi tí wọ́n ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. “Èmi tí mo bí i ni mo yọ̀ǹda. Orúkọ ọmọ mi, mo fi sí ọ lẹ́nu, láti ẹnu ọ̀nà òyìnbó títí dé orí àga òyìnbó. Bí o bá ti dìde lórí àga, gbé e mì.”

Ambrose pàtẹ́wọ́. “Ìyá, físà lẹ fún un yẹn! Wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré!”

“Físà ni,” ni Ìyá wí. “Bí ó bá sì kọjá ibi tí mo ní kó dé, èmi fúnra mi ni màá lé e padà sí Èsìẹ́.”

*

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí kò jẹ oyin rí, ẹ má fi ìka oyin kàn án lẹ́nu. Lucy bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ náà dánra wò nínú oko, níbi tí kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ àfi ebè. Lọ́jọ́ kìíní, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì wẹ̀yìn bóyá ààrá máa sán. Ààrá kò sán. Ó tún sọ ọ́. Ó sọ ọ́ sókè. Ó rí i pé orúkọ náà dùn lẹ́nu bí ìrèké, pé bí òun bá ti pè é, ó máa ń dà bíi pé ọkùnrin náà wà ní ìkángun oko kejì, tó fẹ́ dáhùn. Ignatius! Ó pè é nígbà tó ń kọ ebè, ó pè é nígbà tó ń gbé igi. Ìgbà tí ó yá, Ignatius nìkan kò tó o mọ́. Ó pe Ambrose. Ó pe Helen. Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹni tí wọ́n ní kó tọ́ ọbẹ̀ wò, tó gbé odindi ìkòkò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Ìyá Ignatius ní òun á tẹ̀ lé wọn, nítorí pé òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Òun, Lucy àti Janet wọ lọ́rì gba Òrò kọjá dé Ọ̀fà, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìyá gbé iṣu sísun dání, ó sì ń fún gbogbo ẹni tó bá wo ojú rẹ̀. Lucy ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ láti Ọ̀fà dé Kàdúná, débi pé ìyá arúgbó kan tó jókòó tì í ń ṣe “Àmín” sí i.

Ní ọ́fíìsì náà, òyìnbó onírun pupa yẹn náà ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ti yí padà. Àbúdùlàhí ni tuntun yìí ń jẹ́, ọmọ Ìlọrin pọ́nńbélé, tó fi awò sójú, tó wọ fìlà tó dúró bí ilé alájà. Nígbà tí Lucy gbọ́ tó ní, “Ẹ káàbọ̀, Ìyá, ẹ kú ìrìn,” ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ti gbọ́, ẹni tó gbọ́ èdè ni wọ́n fún òun lónìí. Ìyá àti Janet jókòó síta, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nítorí ooru.

Òyìnbó sọ̀rọ̀. Àbúdùlàhí yí i sí Yorùbá: “Wọ́n ní kí ni orúkọ ọkọ yín?”

Lucy dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ kéwì níwájú bíṣọ́ọ̀bù.

“Ignatius!”

Ó jáde! Ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́! Inú Lucy dùn débi pé kò mọ ibi tí wọ́n ń fa ìjánu ẹnu.

“Ignatius Ọlágúnjú! Ọmọ Sámúẹ́lì Ọlágúnjú! Àbúrò rẹ̀, Ambrose Ọlágúnjú! Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Helen Ọlágúnjú! Òbúkọ wa, Gómìnà!”

Ó jókòó. Ó ń retí kí wọ́n gbé físà fún un.

Awò Àbúdùlàhí ti yọ̀ dé orí imú. Ó wo Lucy látòkè délẹ̀. Ó yíjú sí òyìnbó, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn díẹ̀. Lucy kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀rín tó kúrò lójú òyìnbó náà bí ìgbà tí wọ́n pa àtùpà.

“Kí lẹ sọ fún wọn?” ó béèrè.

“Mo ní n kò gbà pé ìwọ ni aya ọkùnrin yìí.” Kò tún ní “ẹ̀yin” mọ́.

“Èmi kẹ̀? Kí ló dé?”

“Ìyá tó bí mi wà nílé bàbá mi ní Ìlọrin. Wàláhì, kò pe orúkọ ọmọ ìkókó ilé náà rí, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ọkọ. Ìwọ dúró níbí, o ń pe ọkọ, o ń pe bàbá ọkọ, o ń ka gbogbo ilé bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Ìyàwó ilé wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àfi àjèjì. Ẹnì kan ló kọ́ ọ.”

“Wọ́n kọ́ mi lóòótọ́!” ni Lucy kígbe. Ọmọ Èsìẹ́ kì í purọ́.

Àbúdùlàhí yíjú sí òyìnbó. “Ó ní wọ́n kọ́ òun.”

Òyìnbó náà mí kanlẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ọkùnrin mẹ́rin láìní orúkọ. Lónìí, orúkọ títí dé orí òbúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ jọ. Lucy rí i, ó rí ọwọ́ pupa yẹn tó ń pa ìwé dé, ó sì rí ojú Janet níwájú àwòrán ara ògiri lọ́la, lọ́túnla, lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí kò mọ orúkọ pè, wọ́n lé e. Ó pè é tán, wọ́n tún fẹ́ lé e. Èwo ni ṣíṣe?

Ìgbà náà ni ohùn kan bú jáde láti ìta, ohùn tí Àrán-Ọ̀rin mọ̀.

“TA NI MO GBỌ́ TÓ PE BÀBÁ?”

Ìyá Ignatius wọlé. Gèlè ti ṣí lórí rẹ̀, iṣu sísun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Janet wà lọ́wọ́ òsì. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, kò gbọ́.

Lucy kò dúró ro ọ̀rọ̀ wò. Ó wà lẹ́yìn àga kó tó mọ̀ pé òun ti kúrò lórí rẹ̀.

“Jáde síbí! Èwo ni mo fún ọ láyè rẹ̀? Ọmọ mi! Ọmọ mi nìkan! Mo fún ọ ní físà ọmọ, o gbé e wọ yàrá bàbá! Ta ló ní kí o pe Bàbá? Ta ló ní kí o pe Helen? O sì tún pe òbúkọ!”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹnu mi ló yọ̀!”

“Ẹnu tó yọ̀ á bá ara rẹ̀ ní Èsìẹ́!”

Òyìnbó dìde dúró, kò mọ ohun tó dé. Ó béèrè lọ́wọ́ ògbufọ̀ pé ta ni ìyá yìí, kí ló sì ń bínú sí? Àbúdùlàhí ti yọ awò kúrò lójú, ó ń fi etí fìlà nu ojú.

“Ìyá ọkọ ni,” ó ní. “Ó ń bínú pé ìyàwó pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀.”

“Ṣé orúkọ náà ni kò tọ̀nà ni?” ni òyìnbó béèrè. “Kí ìyá sọ èyí tó tọ̀nà fún mi. Kí ni orúkọ ọkọ tirẹ̀?”

Àbúdùlàhí yí i sí Yorùbá. Ẹ̀rín ti ń mú un.

Ohùn Ìyá Ignatius dá wáí.

“Ọkọ ta?”

“Ọkọ yín, Ìyá.”

“Bàbá Ignatius ni.”

“Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ gan-an.”

“Ẹni tó wà nílé.” Ìyá gbé iṣu láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. “Àgbẹ̀ ni. Ó dúdú. Ó ń mu páìpù.”

“Orúkọ, Ìyá.”

Ìyá ya ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún ya á. Obìnrin tó sọ lójúde pé kì í ṣe egungun ẹja, obìnrin tó ní òun á pè é títí òyìnbó á fi ní ó tó, ó dúró láàárín ọ́fíìsì Kàdúná bí ọ̀kan nínú àwọn ère Èsìẹ́. Níkẹyìn ó fi iṣu tọ́ka sẹ́yìn àga.

“Orúkọ náà wà lẹ́nu ìyàwó yìí níbẹ̀ yẹn. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

Òyìnbó yíjú sí Lucy: kó tún un sọ. Lucy yọ orí lẹ́yìn àga. Ó wo òyìnbó tó di físà mú. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó di iṣu mú. Ó ya ẹnu.

Ó húkọ́.

Àbúdùlàhí kò lè pa ẹ̀rín náà mọ́ra mọ́. Ó fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó gbé orí sókè, ó bá òyìnbó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó nawọ́ sí Lucy, ó nawọ́ sí Ìyá, ó nawọ́ sí Ìlọrin lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wá sọ fún Lucy, “Ẹ má bínú, Ìyá Janet.” Ẹ gbọ́, “ẹ” ti padà! “Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi padà. Mo ní a lè kọ́ ènìyàn ní orúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kọ́ ènìyàn ní irú ẹ̀rù tó mú yín sá sẹ́yìn àga yẹn. Ìyàwó ilé ni yín. Gbogbo yín.”

Òyìnbó náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ara Ìyá Ignatius wá sọ jí. “Ògbufọ̀, ẹ bá mi bi òun náà. Ṣé ó lọ́kọ?”

“Ó lọ́kọ.”

“Kí ló ń pè é nílé?”

Wọ́n béèrè. Ojú òyìnbó náà pọ́n ju irun rẹ̀ lọ. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

“Oyin,” ni Àbúdùlàhí wí. “Ó ní Oyin ni òun ń pè é.”

“Oyin!” Ìyá Ignatius pàtẹ́wọ́, iṣu bọ́ sílẹ̀. “Òun náà ò pè é lórúkọ! Lucy, jáde lẹ́yìn àga, a wà nílé! Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé gidi ni!”

Òyìnbó ṣí ìwé tó ti pa dé. Ó fa àwòrán Ignatius yọ láàárín wọn, bóyá kó lè fi wé ojú ọmọ náà, ó sì gbé e síwájú Janet. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi Janet ní ohunkóhun tó fi kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi.” Ó yíjú sí òyìnbó. “Ó gbọ́ o. Iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́.”

Àbúdùlàhí yí i sí Gẹ̀ẹ́sì wẹ́rẹ́. Òyìnbó náà kò béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ó nawọ́ mú òǹtẹ̀.

*

Asisat ló kọ́kọ́ rí wọn nígbà tí lọ́rì já wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì tó dé ojúde, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé físà ti bọ́ sọ́wọ́, Janet sì ti sáré ṣáájú wọlé lọ bá bàbá rẹ̀ àgbà. Gómìnà dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá Onírùngbọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ fún mi,” ni Lucy wí. Físà ẹnu rẹ̀ ti tán, ó ti gbé e mì.

Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú páìpù. Lucy kúnlẹ̀ kí i.

“Lucy, mo gbọ́ pé o pè mí lórúkọ ní Kàdúná.”

Lẹ́yìn Lucy, Janet ń wo òkè. Kò sí ọmọdé tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́.

“Ẹ dákun, Bàbá mi. Ẹ foríjì mí.”

“Ṣé o pè é dáadáa? Ṣé wọ́n gbọ́ ọ?”

“Gbogbo ọ́fíìsì ló gbọ́ ọ, sà.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀.” Bàbá ń mi orí rẹ̀. “Èmi ní n kò ní í dé Kàdúná mọ́. Orúkọ mi lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bọ̀, ó sì gba físà bọ̀. Kí Ọlọ́run sìn yín lọ. Ẹ kí Ignatius.”

Lucy gbọ́ orúkọ náà, ó gbọ́ ọ dé ìdí ọkàn. Ó ń ro ọ̀nà jíjìn yẹn, ó ń ro ọkùnrin tí yóò dúró ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Yóò yọjú sí i láàárín èrò. Báwo ni yóò ṣe pè é? Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Yóò húkọ́. Ọkùnrin náà yóò mọ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá kò tíì parí. Ó yọ páìpù lẹ́nu, ó yíjú sí ìyàwó tirẹ̀ tó ń tú gèlè.

“Ìyá Ignatius.”

“Bàbá Ignatius.”

“Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà há ọ lọ́nà ọ̀fun níwájú òyìnbó. Ìwọ tí o ní kò le.”

“Ta ló sọ fún yín? Lucy!”

“Lucy kọ́. Janet ni. Ṣùgbọ́n má bínú. A ti jọ darúgbó, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà láàárín wa. Níwájú gbogbo ilé, èmi tí mo ni orúkọ, mo fún ìwọ náà ní físà. Wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré. Pè mí.”

 Ambrose gbé odó kalẹ̀. Asisat gun orí ògiri. Ìyá Ignatius na ara rẹ̀ ró, ó tún ìró so, ó gbé àyà síwájú. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ya ẹnu tó máa ń mi Àrán-Ọ̀rin.

“Sá…”

Asisat na ọrùn sí i.

“Sá…” Ojú rẹ̀ yí káàkiri, ó ń wá ibi tí yóò gbà jáde, ó sì balẹ̀ sórí ọmọ. “Sáré, Janet! Sáré lọ bu omi wá fún bàbá rẹ àgbà! Kí ló dé tí ẹ fi òùngbẹ pa ọkùnrin náà síbí!”